Ààwẹ̀ Ẹni Méjì

"Wákàtí mélòó ló kù, Àǹtí Lorna?"

"Mẹ́rin àti ààbọ̀." Ìyá Rona wo aago ara ògiri, wọ́n sì fọwọ́ gbá ikùn wọn pẹ́pẹ́. "Ikùn mi ti ń kọrin, Erika. Ṣé o ń gbọ́ ọ?"

"Tèmi ló ń gbè é!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ife tíì wọn sókè, tíì tí kò ní mílíìkì, tí kò ní ṣúgà, wọ́n fi kan ara wọn gbìn-ín bí ẹni pé ọtí ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ mu.

Rona jókòó sí òdìkejì tábìlì, abọ́ ògì ótì ń yọ èéfín níwájú rẹ̀. Òun nìkan ló ń jẹun. Tẹ́lẹ̀ rí, ó fẹ́ràn ògì yìí gan-an, pàápàá ní irú àárọ̀ tí atẹ́gùn òkun bá ń fi agbára kan fèrèsé. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ńṣe ló ń dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ṣíbí rò ó, ó rò ó, títí ó fi dì.

"Rona, jẹun. O máa pẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí láìwo ojú rẹ̀.

"Mo ń jẹ ẹ́, Mọ́mì."

Kò jẹ ẹ́. Erika ló ń wò, bó ṣe na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, tó ń de bọ́tìnì súwẹ́tà ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n bí i mọ́ ni.

Rona Foubister jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Ní Kirkwall ni wọ́n ń gbé, ìlú èbúté tí gbogbo erékùṣù Orkney ń wá nájà ní òkè àríwá Scotland. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo láàrin òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé. Nítorí náà, láti kékeré ni Rona àti ìyá rẹ̀ ti jọ ń gbé bí ọ̀rẹ́ méjì.

Ọdún kẹrin rèé tí àrùn tí wọ́n ń pè ní MS ti ń bá ìyá náà fínra. Àrùn yìí kò ṣàjèjì ní Orkney. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ẹnìkan tó ń bá a jà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ni wọ́n dédé kọjú ìjà sí ara kan náà, tí wọ́n ń họ awọ tó bo àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́. Bí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò bá ti dé ibi tó ń lọ, ẹsẹ̀ á wúwo, ìka á kú, àárẹ̀ á sì jókòó lé èèyàn lórí bí àpò sìmẹ́ńtì. Ìka ìyá Rona ni kò lè de bọ́tìnì mọ́. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, Rona ló ń dè é fún wọn láràárọ̀ kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn náà ni Erika dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Rona ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, láti erékùṣù Westray. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wá sí Kirkwall, níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn aláìlera, wọ́n sì fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Kò ṣẹ Rona ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kejì, Nọ́ọ̀sì Heddle, tó máa ń wá wo ìyá Rona, mú ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ wá.

"Ẹ gbọ́ o, Lorna, mi ò sọ pé oògùn ni," ni nọ́ọ̀sì náà wí lọ́jọ́ yẹn. "Àwọn tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ò tíì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan tí mo mọ̀ ní àárẹ̀ wọn dín kù, ara wọn sì fúyẹ́. Wákàtí mẹ́rìndínlógún láìjẹun, wákàtí mẹ́jọ láti fi jẹun. Omi ò léèwọ̀. Oògùn yín ò gbọdọ̀ yẹ̀, oúnjẹ lẹ ó sì máa fi lò ó. Ẹ má fà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìyẹn ò le," ni Erika sọ láti ìdí sítóòfù. "Àǹtí, ẹ ò ní dá a gbà. Mo máa bá yín gbà á."

"Èmi náà!" ni Rona fò sí i.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Egungun rẹ ṣì ń gùn lójoojúmọ́."

Nọ́ọ̀sì Heddle mi orí. "Kì í ṣe fún ọmọdé, Rona. Jẹ oúnjẹ rẹ dáadáa."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán ni ìyá àti Erika máa ń ṣínu, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n máa ń pa ẹnu dé. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ara fíríìjì, wọ́n ń fi bírò àwọ̀ ewé sàmì fún ìyá, àwọ̀ pupa fún Erika, fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá parí. Kò sí àwọ̀ kankan fún Rona. Bí ó bá jí, á gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, bọ́tìnì ti wà ní dídè. Ó sì wá ṣe é tó jẹ́ pé ààwẹ̀ náà bá ara ìyá rẹ̀ mu. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n rìn dé etí omi, wọ́n sì rìn padà láìjókòó. Gbogbo ẹni tó rí wọn ló ń sọ pé, "Erika yìí mà ṣe é o! Ọmọ gidi ni!"

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń gún Rona bí ẹ̀gún ẹja tó há sọ́fun. Inú rẹ̀ dùn pé ara ìyá rẹ̀ ń yá. Ohun tó ń dùn ún ni pé kì í ṣe ọwọ́ òun ló ti yá. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Kí ló wá dé tí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ilé wọn fi wà nídìí Erika?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Karùn-ún, bí ìdánwò àṣekágbá ṣe ń sún mọ́ tòsí, Merran Flett tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Rona bá a níbi tó jókòó sí lẹ́yìn kíláàsì.

"Ìyá ẹ ti gba ọmọ tuntun ni?" ni Merran bi í, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. "Mo rí àwọn méjèèjì nítòsí èbúté lánàá. Wọ́n fa ara wọn lọ́wọ́ bíi tọkọtìyàwó."

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń gba ìyá mọ́ ẹ lọ́wọ́ yẹn o! Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, yàrá ẹ̀yìn ni wàá máa sùn."

Àwàdà lásán ni Merran ń ṣe. Kí ó tó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbàgbé ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n Rona gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó gbé e sùn, ó sì gbé e jí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan létí èbúté, ó ra páálí tọ́fì kan, irú èyí tí wọ́n fi mílíìkì àti bọ́tà sè, tí Erika fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kó tó di pé ó ń gbààwẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta, ó jẹ mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn, títí adùn rẹ̀ fi ń rìn ín ní èébì. Bébà tí wọ́n fi wé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn kan sọ fún un pé, "Dà á nù." Ọkàn kejì ní, "Bébà lásán ni. Ta ni bébà pa rí?" Ti ọkàn kejì ni Rona gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Erika wà nílé ìwẹ̀. Rona ń ṣa aṣọ tó fẹ́ fọ̀. Ó pe ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ní.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan. Inú àpò kóòtù Erika ló wà."

Ìyá rẹ̀ fi ọ̀pá wọn rìn wá. Wọ́n wo bébà mẹ́fà tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ wọn.

"Tọ́fì? Bóyá ó ti pẹ́ níbẹ̀."

Ó yẹ kí Rona dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá pin. Ṣùgbọ́n irọ́ kan kì í dá rìn, ó ń wá ẹlẹgbẹ́. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́, Mọ́mì. Mo rí i lẹ́yìn ilé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù. Ó ń jẹ búrẹ́dì."

Ojú ìyá rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó funfun. Nígbà tí Erika jáde, tí omi ṣì ń kán lára irun rẹ̀, wọ́n na bébà náà sí i.

"Kí nìwọ̀nyí, Erika?"

"Bébà tọ́fì ni, Àǹtí."

"Inú àpò kóòtù rẹ ló ti jáde."

"Kò lè jẹ́ tèmi. Mi ò fẹnu kan tọ́fì láti oṣù Kejì."

"Rona rí ọ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́bọ̀, o ń jẹun láàárọ̀."

Erika yíjú sí àbúrò rẹ̀. Kò pariwo. "Rona. Ìwọ rí mi?"

Ilẹ̀kùn àtisọ òtítọ́ ṣì wà ní ṣíṣí fún Rona. Bí ó bá fẹ́, ó lè gba ibẹ̀ jáde. "Mo rí ọ," ni ó wí.

"Ṣé mo bẹ̀ ọ́ ni, Erika?" ni ìyá Rona bi í. "Ṣé mo ní kó o bá mi gbààwẹ̀? Ká ní o sọ pé ebi ń pa ọ́, èmi fúnra mi ni n bá gbé oúnjẹ fún ọ. Ṣùgbọ́n o ń jókòó síwájú mi láràárọ̀, o ń bá mi ka wákàtí, o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Má fi Ọlọ́run sí i."

Erika wo Rona lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwò gígùn kan tí kò ní ìbínú nínú, Rona sì mọ̀ pé ó ti mọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Erika ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbé. Ìyá Rona tẹ ẹ̀gbọ́n wọn, ìyá Erika, láago ní Westray. Láti orí àtẹ̀gùn, Rona gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Thora, mi ò mọ̀ pé ọmọ yín lè wo ojú mi kó máa purọ́ fún mi."

Bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí òkun, ìyá ti wá kù fún òun nìkan. Ṣùgbọ́n kò rí bí ó ti rò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láti de bọ́tìnì ìyá rẹ̀, ó bá wọn nínú súwẹ́tà kan tí kò ní bọ́tìnì. Wọ́n ń mu tíì, wọ́n kọjú sí fèrèsé.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbà á."

"Má dán an wò. Jẹun."

"Kí ló dé tó jẹ́ Erika ló yẹ nígbà náà?"

"Mo ní kó o jẹun, Rona." Wọn kò rẹ́rìn-ín. Bébà ara fíríìjì ti lọ. Wọ́n ti ya á jù nù. Owú tí Rona rò pé yóò bá Erika jáde kúrò nílé ṣì jókòó tì í lórí àga. Ní báyìí, àga òfìfo ni Rona ń jowú, nítorí òun ni ìyá rẹ̀ ń wò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìyá Rona kò dá ààwẹ̀ náà dúró, ńṣe ni wọ́n ń fà á gùn. "Ó ti sú mi láti máa fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rìn," ni wọ́n wí. "Màá fi han gbogbo èèyàn pé mo lè dá a ṣe." Aago méjìlá á lù, wọn ò ní jẹun. Aago méjì, aago mẹ́rin. Ìgbà tí Rona bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí àwọn méjèèjì bá jókòó ti oúnjẹ alẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fẹnu kan nǹkan. Oògùn ọ̀sán tó yẹ kí wọ́n fi oúnjẹ lò ń wà nínú páálí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

"Mọ́mì, wákàtí mẹ́rìndínlógún ni nọ́ọ̀sì sọ o."

"Nọ́ọ̀sì kọ́ ló ni ikùn mi."

Rona mọ ẹni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n á gbọ́. Ó mọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ pàápàá. Kò pe Erika.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kọ ìdánwò Ìtàn. Ìdánwò náà dùn ún kọ, ó sì fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Aago kan kù díẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí òkúta tútù, láàrin tábìlì àti sítóòfù, ọwọ́ òsì wọn ká sábẹ́ ara bí ọwọ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ife ti fọ́. Fóònù wà lórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé.

"Mọ́mì! Mọ́mì!"

"Má pariwo, ọmọ mi. Mo wà láàyè." Ètè wọn ti ń ṣú. "Òòyì ló kọ́ mi. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Aago ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń kà. Ó lu mẹ́wàá. Ó lu mọ́kànlá. Ó lu méjìlá." Wọ́n gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó pẹ́ kó tó lu méjìlá o."

Rona bọ́ kóòtù rẹ̀ bò wọ́n, ó sì tẹ àwọn alámbúláǹsì láago. Bí ó ti ń dúró dè wọ́n, tí ó di ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ kan là á lọ́kàn bí ẹdùn ààrá: Ọjọ́rú lòní. Lọ́jọ́rú, Erika kì í lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì títí di aago kan. Ní gbogbo Ọjọ́rú láti oṣù Kẹsàn-án, ilé ìdáná yìí gan-an ló máa ń jókòó sí.

Ọrùn ọwọ́ ìyá Rona ló kán. Dókítà ilé ìwòsàn ní wọ́n á dá wọn dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí òtútù ilẹ̀ ti wọ̀ wọ́n lára, ẹsẹ̀ wọn sì ti tún le sí i. Nọ́ọ̀sì Heddle wá bá Rona lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá.

"Ta ló ní kí wọ́n gbààwẹ̀ fún wákàtí méjìlélógún?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Mo mọ Erika, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe irú ẹ̀. Ibo ni Erika wà?"

"Ó ti kó jáde."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Àṣìṣe mi náà ni. Ó yẹ kí n ti tẹnu mọ́ ètò tí mo kọ́kọ́ fún wọn. Mo ní kí wọ́n máa jẹun láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ni ì bá rọ àwọn àti oògùn wọn lọ́rùn. Màmá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lo máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ àti bọ́ọ̀lù dé, pé ọmọ àwọn ò ní dá jẹun alẹ́ láyé àwọn. Wọ́n ní àwọn á kúkú fara da ebi àárọ̀."

Ó fọwọ́ gbá Rona léjìká, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò mọ bí ohun tó sọ ti wúwo tó fún Rona.

Rona jókòó síbẹ̀, kò lè mira. Gbogbo àárọ̀ tó ti ń fi ojú burúkú wo ife tíì méjì yẹn, òun ni wọ́n ń torí rẹ̀ mu ún! Ebi tí Erika ń bá ìyá rẹ̀ pín láàárọ̀, owó oúnjẹ alẹ́ Rona ni. Erika gba ebi. Òun Rona ló gba oúnjẹ, tó gba ìyá, tó sì tún ń ké pé wọ́n yan òun jẹ.

Ó wọ yàrá. Kò jókòó.

"Mọ́mì, èmi ni mo jẹ tọ́fì yẹn. Èmi ni mo ki bébà rẹ̀ sínú àpò Erika. Mi ò rí i lẹ́yìn ilé. Irọ́ ni mo pa."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Wọ́n wò ó títí ó fi fẹ́ kí wọ́n kúkú lu òun.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mò ń jowú ni. Ẹ̀ ń bá a rẹ́rìn-ín. Ó ń de bọ́tìnì yín. Iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ rẹ kọ́ ni, Rona! Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo ní ìdánwò ń bọ̀, kí ọmọ mi lè ráyè jẹ́ ọmọ fún ọdún kan péré." Omijé gba ojú wọn. Wọ́n yí orí sí ògiri. "Jáde díẹ̀. Mi ò lé ọ o. Mo fẹ́ sunkún, mi ò sì fẹ́ sun ún níṣojú rẹ."

Lọ́jọ́ kejì, Rona lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì títí Erika fi jáde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Erika gbọ́ ọ tán, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká kejì.

"Mo mọ̀," ló sọ. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ta ló fẹ́ gbà mí gbọ́? Ìwọ lọmọ wọn."

"Dákun, dárí jì mí. Padà wálé."

"Màá lọ wo Àǹtí lọ́sàn-án yìí. Tí wọ́n bá ti kúrò nílé ìwòsàn, màá máa wá wò wọ́n lọ́jọ́rú. Ṣùgbọ́n inú yàrá ẹ̀yìn yẹn, mi ò padà síbẹ̀. Mi ò lè sùn nílé tí mo ní láti máa yẹ àpò kóòtù mi wò kí n tó sùn. Àti pé màmá mi ní Westray ṣì gbà pé òpùrọ́ ni mí. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù."

Rona lè tẹ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láago. Ó gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ tó ń lọ sí Westray. Ìgbì ń bì í síhìn-ín sọ́hùn-ún fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó bá Àǹtí Thora nínú ilé ẹran wọn, wọ́n ń fún ọmọ màlúù kan ní wàrà mu, bàtà rọ́bà dé orúnkún wọn.

"Rona? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí. Erika ò parọ́. Èmi ni mo pa irọ́ náà."

Àǹtí Thora kò gba kòròbá kúrò lẹ́nu màlúù. Wọ́n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ náà dópin, àti ti tọ́fì, àti ti ìṣubú, àti ti ètò aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin. Nígbà tí wàrà tán, wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ aṣọ.

"Mo sọ̀rọ̀ sí ọmọ mi lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí, "ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kó jẹ mọ́. Ìwọ lo fi sí mi lẹ́nu."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú. Màá bínú fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n irọ́ rẹ gba orí omi kọjá wá bá mi, ìwọ náà sì ti gba orí omi náà tọ̀ ọ́ wá. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n wò ó dáadáa. "Ṣé o mọ ohun tí owú jẹ́, ọmọ yìí? Ẹni tó ń jowú a máa ka èyí tó wà nínú abọ́ ẹlòmíràn, títí tiẹ̀ yóò fi tutù níwájú rẹ̀. Ìfẹ́ ìyá kì í ṣe búrẹ́dì tí wọ́n ń gé, tí tìrẹ á fi kéré tí wọ́n bá gé fún ẹlòmíràn. Bí nǹkan bá ń dùn ọ́, la ẹnu rẹ kó o sọ ọ́. Ká ní o sọ fún Lorna nínú oṣù Kẹta pé, 'Mọ́mì, mò ń jowú,' ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá jẹ́."

Rona sunkún níbẹ̀ láàrin àwọn màlúù, Àǹtí Thora kò sì ní kí ó dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí ọwọ́ ìyá Rona tó jinná, ẹsẹ̀ wọn kò sì tíì padà sí bó ṣe wà ní oṣù Kẹrin. Nọ́ọ̀sì Heddle gbà kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, wákàtí méjìlá péré ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn àti Erika jọ ń gbà á, ẹnì kan nílé, ẹnì kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì ń fi fóònù ka wákàtí fún ara wọn. Lọ́jọ́rú, Erika a máa wá. Ó ń bá Rona sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, bí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ yíyọ̀. Rona mọ̀ pé òun ló da omi síbẹ̀. Ọdún lè yí kó tó gbẹ.

Owú ṣì máa ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́ ẹ̀rín wọn lórí fóònù. Kò sí ẹni tí kì í dé bá. Ṣùgbọ́n Rona ti mọ̀ pé bí owú bá kanlẹ̀kùn, a kì í fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá fún un níṣẹ́, ilé ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jóná. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó tún dé, Rona rìn lọ bá ìyá rẹ̀ nínú ọgbà.

"Mọ́mì," ló wí, "ó tún ń ṣe mí o."

Ìyá rẹ̀ sún apá kan lórí bẹ́ǹṣì. "Jókòó. Sọ ọ́ fún mi."